Ọ̀yọ́-Ilé: Bí Ìlú Àwọn Baba Ṣe Di Igbó Ọba

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Igbó ńlá kan wà ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ìwé ìjọba àpapọ̀ ń pè ní Old Oyo National Park. Igbó ọba lásán ni àwọn tí ń gbé yí i ká ń pè é. Ìlú àtijọ́ kan ni a fi sọ igbó náà lórúkọ, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlú náà kò lè mọ ìdí tí aáwọ̀ kò fi tán láàárín ẹ̀ṣọ́ igbó àti àwọn ará abúlé.

Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, ni olú-ìlú ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́. Nígbà tí arìnrìn-àjò ọmọ Scotland nì, Hugh Clapperton, dé ibẹ̀ ní ọdún 1826, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ àti ogun ti ń jẹ ilẹ̀ ọba náà láti inú wá. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, tí ìlú sì tú. Àwọn kan sá lọ sí Kìṣí, àwọn kan gba Ìgbòho lọ, àwọn mìíràn forí lé Ìlọrin. Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà ní gúúsù. Àwọn tí ó sá kò ta ilẹ̀ náà, wọn kò sì fi í tọrẹ. Ogun ni ó lé wọn.

Igi hù bo odi ìlú, ẹranko sì gba ààfin. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wá sọ apá òkè odò Ògùn di igbó ọba ní ọdún 1936, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952, igbó méjèèjì di ibi ìdáàbòbò ẹranko. Ní 1991, ìjọba ológun pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀, igbó tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bí orúkọ ti ń yí padà ni òfin ń le sí i: ọdẹ ṣíṣe di èèwọ̀, oko dídá di èèwọ̀, igi gígé àti màlúù dídà náà di èèwọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Ojú ilẹ̀ òfìfo ni òfin fi wo ibẹ̀, ojú ahoro sì ni àwọn ará àyíká fi ń wò ó. Òfìfo àti ahoro kì í ṣe ọ̀kan náà. Òfìfo kò lólúwa. Ahoro ní ọmọ. Igi oṣè tí ó wà láàárín ahoro náà ń jẹ́rìí pé ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Nítorí náà, bí ẹ̀ṣọ́ bá mú ọdẹ kan nínú igbó yìí, arúfin ni kóòtù yóò pè é, ṣùgbọ́n lójú ara rẹ̀, ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó wà.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Ìbọn òde òní kì í ṣe ọfà àtijọ́, ọjà ẹran ìgbẹ́ ní ìlú ńlá kò sì mọ àkókò tí ẹranko ń bímọ. Bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́, a ó máa fi àwòrán ẹfọ̀n àti ìgalà han àwọn ọmọ wa. Àwọn darandaran tí ń kó màlúù wọbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ń dá kún ìṣòro yìí. Odò Ògùn pẹ̀lú nílò igbó yìí, omi rẹ̀ sì ń dé ibi tí ó jìnnà sí Ìgbòho.

Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 péré ni, ẹ̀gbẹ́ ìlú ńlá ni ó sì wà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bà á jẹ́ ní àwọn ọdún 1950, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun àti Susanne Wenger dìde gbèjà rẹ̀. Ìjọba fi òfin dáàbò bò ó ní 1965, àjọ UNESCO sì fi í sára ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n àwọn tí igbó náà jẹ́ tiwọn ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ ọ, kí òfin tó tẹ̀lé wọn.

Èmi kò sọ pé kí a pín igbó Ọ̀yọ́-Ilé fún oko. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a pe àwọn ọmọ ahoro náà jókòó níbi tí a ti ń pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a gbà wọ́n sí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ àti iṣẹ́ afinimọ̀nà, kí wọ́n sì láǹfààní láti dé ibi tí àwọn baba wọn sùn sí láìsá fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí a bá pè ní olè nínú ilé baba rẹ̀ kò ní bá wa lé olè.