Òkúta Arò àti Ẹnu Ọ̀nà Apápá

Èkó àrómisálẹ̀, Èkó akéte ilé ọgbọ́n, lórí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni a tẹ̀ ẹ́ dó, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí yóò fi òkúta ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ níbẹ̀ kò lè ṣàì ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà ni mábù tí a gé ní òkè Carrara ní ilẹ̀ Ítálì, nítòsí Òkun Mẹditaréníà, níbi tí àwọn ará Róòmù ti ń wa òkúta ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté Apápá fún ilé àwọn ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n òkúta ilẹ̀ wa ni ó la ọ̀nà fún un.

Láyé àtijọ́, iyanrìn abẹ́ omi dí ẹnu ọ̀sà Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé. Lójú agbami ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kéékèèké, tàbí kí wọ́n já a sí èbúté Forcados, kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé e padà wá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá pinnu láti na ògiri òkúta sínú òkun níhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀sà náà, kí agbára omi fúnra rẹ̀ lè máa gbá iyanrìn lọ, kúárì Arò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n forí lé, lọ́dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí, tí àpáta Olúmọ ti fi ara rẹ̀ ṣe ibi ìsádi fún. Ní nǹkan bí ọdún 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin, tí ọ̀nà rẹ̀ ti gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn láti 1901, ni ó ń ru òkúta náà wá. Àwọn tí wọ́n fọ́ ọ nínú oòrùn, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa ki oríkì wọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni gbogbo wa ń jẹ.

Ní 1926, ibùdókọ̀ omi jíjìn mẹ́rin parí ní Apápá, àdúgbò Ajégúnlẹ̀ nítòsí ibẹ̀ sì ń kún nígbà tí ó yá: Yorùbá títí kan Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ùròbò àti Ìgbò, ọ̀pọ̀ wọn alágbàrù èbúté.

Ohun tí a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Síbẹ̀, ní 1975, bí ilé iṣẹ́ Ewékorò tilẹ̀ ti ń lọ òkúta ẹfun di sìmẹ́ńtì láti 1960, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì òkèèrè ni ó tò síwájú Èkó tí kò ráyè wọlé. Ó dùn mí púpọ̀ pé mábù Ìgbẹ́tì, funfun báláú ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni a ń fọ́ wẹ́wẹ́ tí a sì ń lọ̀ kúnná, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí yóò là á ní pẹlẹbẹ tí yóò sì dán an ni ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé gba Apápá wọlé.