Èèrí, Ògì àti Óòtì Inú Ààrò

Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe kí n tó kúrò ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n n kò ronú rí pé oúnjẹ àárọ̀ ní ìtàn tó tó kọ sílẹ̀, títí di òwúrọ̀ Sátidé kan nílé wa ní Philadelphia. Ìyá mi ti wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ náà wọ́n jí ṣáájú gbogbo wa, wọ́n fi ògì gbígbẹ tí wọ́n gbé wá láti ilé po ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n bu ti Tóbi, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sínú abọ́. Tóbi gbóòórùn rẹ̀, ó sì ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Màmá àgbà, ó ti kan."

Ó ní óòtì tí bàbá òun máa ń yan nínú ààrò ni òun ń dúró dè.

Màámi kò bá a wí. Wọ́n fi ọmọrí dé ìkòkò, wọ́n sì jókòó. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè rò pé kò dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ògì ni wọ́n tà ní Bẹẹrẹ tí wọ́n fi rán èmi àti àwọn àbúrò mi mẹ́ta lọ sílé ìwé. Mo mọ ohun tó wà nínú òórùn tí Tóbi kọ̀ yẹn: àgbàdo tí a rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìlà tí a ń tò nídìí ẹ̀rọ ìlọta kí ilẹ̀ tó mọ́, asẹ́ tí a fi ń sẹ́ èèrí kúrò, omikan tó máa ń dúró sórí ògì, tí àwọn aládùúgbò ń wá tọrọ láti fi rẹ àgbo.

Bàbá Tóbi sì ní ìdí tirẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Òwúrọ̀ Sátidé nìkan ni gbogbo wa máa ń jókòó yí tábìlì kan ká, pẹ̀lú aṣọ tí a fi sùn lọ́rùn. Ohun tó ń yàn kò le: ife óòtì mẹ́ta, ẹyin méjì, mílíìkì, bọ́tà díẹ̀, ṣúgà, iyọ̀ díẹ̀, ṣíbí kékeré méjì baking powder tí í mú kó wú, àti ápù tí a gé wẹ́wẹ́. Yóò po gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò dà á sínú páànù, yóò sì fi í sínú ààrò fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Òkè rẹ̀ máa ń gbẹ, abẹ́ rẹ̀ a rọ̀ bí ọ̀ọ̀lẹ̀, oorun àwọn ọmọ a sì dá kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n.

Màámi wo páànù náà. "Oúnjẹ ẹṣin," wọ́n ní. "Dúpẹ́, ẹ fi oúnjẹ tí àwọn baba ńlá yín ń jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ sílẹ̀, ẹ wá ń yan oúnjẹ ẹṣin fún ọmọ." Wọn kò tọ́ ọ wò. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọn kò bá wa jókòó rárá. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn wọ́n.

Èyí ló gbé mi dé ilé ìkàwé. Mo fẹ́ mọ ẹni tó jàre.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹṣin, Màámi kò parọ́. Ní ọ̀rúndún kìíní, Pliny, ará Róòmù tó kọ ìwé ńlá nípa ẹ̀dá ayé, ka óòtì sí ọkà tó bàjẹ́, ó sì ròyìn àwọn ẹ̀yà Jámánì gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń gbìn ín, tí wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀kọ jẹ. Ní 1755, nígbà tí Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde, ó fi ọkà yìí ta àwọn ará Skọ́tílándì lábàrá: ó ní ohun tí wọ́n ń fún ẹṣin ní ilẹ̀ òun, ènìyàn ló ń jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Kì í ṣe ìyà ni wọ́n fẹ́ràn. Ilẹ̀ wọn tutù, òjò rẹ̀ pọ̀, àlìkámà kì í ṣe dáadáa níbẹ̀ bí óòtì. Ohun tí ilẹ̀ bá fún ni là ń jẹ.

Mo sọ èyí fún Màámi nígbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí Tóbi ti ti abọ́ sẹ́yìn. "Àbí n kò wí?"

Ẹ̀rọ àti ọgbọ́n ọjà ló gbé oúnjẹ ẹṣin dé orí tábìlì ní Amẹ́ríkà. Ferdinand Schumacher, ará Jámánì tó ṣí wá síbí ní 1850, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ óòtì ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1861 sí 1865, ó ta á fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba, ó sì di olówó. Óòtì àtijọ́ le, ó sì ń pẹ́ lórí iná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọ̀nà láti fi ooru omi rọ ọkà náà, kí wọ́n sì fi irin tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé, tó fi jẹ́ pé kì í pẹ́ jinná mọ́. Ohun tó wà nínú páálí wa nìyẹn.

Páálí yẹn gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1877, ilé ìlọta kan ní Ravenna, Ohio kan náà, fi orúkọ àti àwòrán ọkùnrin ìjọ Quaker forúkọ sílẹ̀ fún óòtì rẹ̀. Henry Crowell ra ilé ìlọta náà ní 1881. Inú àgbá ni àwọn onísọ̀ọ̀bù ti ń wọn óòtì tà tẹ́lẹ̀, tòun ti eruku àti kòkòrò. Crowell dì í sínú páálí tó ní àwòrán, ó sì ń polówó rẹ̀ níbi gbogbo. Ọmọ ìjọ Presbyterian ni Crowell fúnra rẹ̀. Òkìkí òtítọ́ tí àwọn Quaker ní ni wọ́n yá lò, bí ìgbà tí oníṣòwò kan bá kọ "Alhaji" síwájú sọ́ọ̀bù láìtíì dé Mẹ́kà. Nígbà tó di 1901, ilé ìlọta púpọ̀ ti para pọ̀ di iléeṣẹ́ Quaker Oats.

Ti yíyan ńkọ́? Ọjà Reading Terminal, láàárín ìlú wa, ni ọkọ mi ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ àwọn Amish tó ń wá tajà láti agbègbè Lancaster. Àwọn ọmọ ìjọ tó sá fún inúnibíni ní Swítsàlandì àti Jámánì ni wọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Pennsylvania ní ọ̀rúndún 18, nítorí pé William Penn, tí òun jẹ́ Quaker ní tòótọ́, ti gba gbogbo onígbàgbọ́ láyè ní ilẹ̀ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní 1681. Títí di òní, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ni wọ́n ń gùn nílé. (Èyí ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, ẹṣin àti ọmọ lè jọ jẹ ohun kan náà ní òwúrọ̀, kí ó má sì sí ìjà.) Bí ènìyàn bá wo aṣọ wọn àti fìlà wọn, yóò rò pé óòtì yíyan wọn bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi dé ni.

Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo inú páànù. Baking powder wà níbẹ̀. Ní 1856 ni Eben Horsford gba ìwé àṣẹ lórí tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Óòtì tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ wà níbẹ̀. Ọmọ ìparí ọ̀rúndún 19 nìyẹn. Oúnjẹ tí a ń pè ní ti àwọn baba ńlá yìí kéré lọ́jọ́ orí sí rélùwéè. Inú mi dùn sí ohun tí mo rí yìí, mo fẹ́ gbé e lọ fún ọkọ mi kí ó mọ̀ pé òun náà kò jàre.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi óòtì ní irú ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ bi ògì náà. Mo ṣe é, ó sì ká mi lára. Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ àgbàdo di ohun ọ̀gbìn, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492 ló tó sọdá òkun, ní ayé àwọn oníṣòwò Potogí, kó tó dé etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọkà Amẹ́ríkà ni Màámi dì sínú ẹrù láti Ìbàdàn, tí wọ́n gbé padà wá sí Amẹ́ríkà.

Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọn kò dá mi lóhùn. Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe ńlá. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, láìwo ojú mi: "Bàbà ni ìyá ìyá mi fi ń ṣe ògì tiwọn. Pupa ni. Wọ́n ní ti àgbàdo kò lágbára." Ọkà bàbà, ọmọ Áfíríkà ni ní tirẹ̀. Èyí ni pé ọkà ló pààrọ̀. Rírẹ, kíkan, lílọ àti sísẹ́ kò yí padà. Ohun tí Màámi ń pè ní ti ìgbà ìwáṣẹ̀ wà lóòótọ́, ọwọ́ ló wà, kì í ṣe inú kóró àgbàdo.

Nígbà tí mo ti rò pé mo parí ìwádìí mi ni mo bá sowans pàdé. Oúnjẹ Skọ́tílándì ni. Bí wọ́n bá ti lọ óòtì tán, wọn kì í da èèrí rẹ̀ nù, nítorí pé ìyẹ̀fun díẹ̀ ṣì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á jẹ́ kó sílẹ̀, wọ́n á ro omi orí rẹ̀ kúrò, wọ́n á sì fi omi àti iyọ̀ se ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ẹ̀kọ. Mo ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré délé.

"Èèrí?" Màámi ní. "Èyí tí à ń dà fún ewúrẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ń fi èèrí ṣe ògì! Ṣé ó máa ń kan?"

"Ó ń kan gan-an, Màámi."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Omikan rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní swats ni wọ́n ń pè é, pé wọ́n ń mu ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

N kò sọ ìyókù fún wọn lọ́jọ́ náà. Ṣàṣà ni ẹni tó ń ṣe sowans mọ́ ní Skọ́tílándì. Ilé ìlọta ńlá ló ń bó èèrí kúrò báyìí, kì í dé ilé ìdáná. Ní àwọn ọdún 1920, Quaker Oats ti ń fi ti Amẹ́ríkà ṣe kẹ́míkà fún àwọn iléeṣẹ́ mìíràn. Kò sí ẹni tó fòfin de sowans. Àwọn ọmọ kan kàn sọ ní òwúrọ̀ kan pé ó ti kan, ìyá wọn sì ní páálí tó yá jù ú lọ lórí pẹpẹ. Mo mọ̀, torí pé èmi náà ni ìyá yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, nọ́ọ̀sì ìgboro kan ń sọ fún àwọn ìyá pé omi lásán ni ògì, mo sì gbà á gbọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé asẹ́ máa ń kó lára èròjà tó ń mú ọmọ dàgbà lọ pẹ̀lú èèrí. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, fi ṣe ògì tó ní sóyà nínú. Àwọn tún un ṣe. Èmi fi tèmi sílẹ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Màámi béèrè páálí óòtì. Wọ́n da ife mẹ́ta sínú abọ́, wọ́n bu ògì wọn ṣíbí kan sí i, wọ́n bomi sí i, wọ́n sì fi aṣọ bò ó. Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n ro omikan rẹ̀ sínú ife, wọ́n sì gbé ìyókù fún ọkọ mi. Ó wò mí. Mo ní kó dà á sínú páànù. Tóbi ló wọn baking powder. Ó pẹ́ nínú ààrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àárín rẹ̀ sì rọ̀ jù, kò ṣeé fi ọ̀bẹ gé. Ṣíbí la fi bù ú.

Tóbi fi sí ẹnu. "Ó kan díẹ̀," ó ní, ó sì tún bù ú.

Màámi tọ́ tiwọn wò. Wọ́n yọ ápù sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, wọ́n jẹ ìyókù tán, wọ́n sì sọ fún ọkọ mi pé mílíìkì rẹ̀ ti pọ̀ jù.