Ara Ọkùnrin: Kí Ni Ojú Àwọn Baba Wa Ń Wá?



Àwòrán Ṣàngó tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pọ̀ níye. Ọ̀kan náà ni ara baba nínú gbogbo wọn: àyà fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, apá le kókó, ikùn pín sí ọ̀nà mẹ́fà bí àkàrà tí a tò sínú àwo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ya Ògún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ya Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Kódà, mo ti rí Ọ̀rúnmìlà kan tí ó gbé ọpọ́n Ifá dání bí ẹni gbé irin. Mi ò bínú sí àwọn tí ń yà wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá sọ pé bí àwọn baba wa ṣe fẹ́ kí ọkùnrin rí nìyẹn láti ìṣẹ̀dálẹ̀, ó di dandan kí n sọ̀rọ̀, nítorí ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá oṣé Ṣàngó àtijọ́ wò. Lórí púpọ̀ nínú wọn, obìnrin ni ẹ óò bá, ó kúnlẹ̀, ẹdùn àrá méjì sì wà lórí rẹ̀. Agbára Ṣàngó ni gbẹ́nàgbẹ́nà fẹ́ fi hàn, síbẹ̀ kò rí ìdí tí yóò fi gbẹ́ apá ọkùnrin sí i.

Ẹ tún dé Ilé-Ifẹ̀. Ní 1938 ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ hú àwọn orí idẹ jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀. Ní 1957, ní Ìta Yemòó, wọ́n rí ère idẹ Ọọ̀ni kan tí gíga rẹ̀ kò ju ìdajì mítà lọ. Orí ère náà tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara rẹ̀, nítorí pé orí ni olórí ohun gbogbo. Ara yòókù kún, ó jọ̀lọ̀, ó ń dán, ikùn sì yọ díẹ̀. Iṣan kan kò hàn níbẹ̀. Àwọn tí ó rọ irú iṣẹ́ yìí mọ ojú ènìyàn dé orí ìpéǹpéjú; bí iṣan bá wù wọ́n ní, wọn ì bá ti rọ ọ́. Ara tí ó wù wọ́n ni ara ẹni tí ó dàgbà tán tí kò tíì darúgbó, tí ó jẹun, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ṣé wọn kò ka agbára sí ni? Wọ́n kà á sí gan-an, ibòmíràn ni wọ́n ti ń wò ó. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, àwọn akọni tí ń dáàbò bo ọba àti ilẹ̀. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, jẹ́ kí á mọ̀ pé ọfà kò gbọdọ̀ bá Ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọkùnrin láàárín wọn, ẹ ó wá àpá, ẹ ó sì wo ibi tí àpá náà wà. Àpá iwájú ń yin olówó rẹ̀, ti ẹ̀yìn ń bú u. Òǹkọ̀wé yìí kan náà ròyìn bí wọ́n ṣe ń fi Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò joyè: wọn a fá orí rẹ̀, wọn a sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i, wọn a sì fi oògùn ra á. Ara jagunjagun, lójú àwọn ará ìgbà náà, ni ara tí a ti là tí a sì ti fi nǹkan pamọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí ojú rí lásán kò tó wọn.

Lóko, ebè ni òṣùwọ̀n. Igba-igba ni wọ́n ń kà á, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá sì ń fẹ́ ọmọ ẹlòmíràn yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna, níbi tí ojú gbogbo ìdílé ìyàwó yóò ti tó o. Ẹni tí ó bá ń ṣe àárò kò lè fi agbára rẹ̀ ṣe ti ara rẹ̀ nìkan: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi. Ara tí irú iṣẹ́ yìí ń mọ kì í wú. Ó ń gbẹ, ó ń le, ọrùn a ki nítorí ẹrù, àtẹ́lẹwọ́ a sì dà bí èèpo igi. Olúwo tí ó kọ́ mi ní Ifá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, ṣùgbọ́n yóò ti oko dé kí àwa ọmọ awo tó jí kí i, a sì máa jókòó lórí ẹní láti àárọ̀ di alẹ́ lọ́jọ́ ìtẹ̀nifá láìfẹ̀yìn ti ògiri. Ọdún 11 ni mo fi gbé àpò tẹ̀ lé e. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yin bí ara rẹ̀ ti rí. Okun rẹ̀ ni wọ́n ń yìn.

Ti ìjàkadì kò gba àròyé púpọ̀. Ẹ̀yìn ta ni ó kan ilẹ̀? Ìbéèrè tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn, èèyàn kúkúrú sì ti fi ọgbọ́n da òmìrán délẹ̀ lójú agbo níye ìgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ ní Ẹdẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun mi lọ́kàn jù. Níbi ọdún Ọbàtálá, àwòrò méjì máa ń bá ara wọn jà, Ajagẹmọ àti Olúnwí. Olúnwí ni ó ń borí. Yóò mú Ajagẹmọ ní ìgbèkùn, wọn yóò sì gbé e lọ. Tìmì yóò wá san owó ìràpadà, wọn yóò sì gbé Ajagẹmọ padà pẹ̀lú ìlù àti ìyìn. Ẹni tí wọ́n dá lóró tí ó sì fara dà á ni ìlú ń bá yọ̀. Ọbàtálá yìí kan náà ni ó ń mọ ara gbogbo wa. Ọwọ́ rẹ̀ ni abuké, arọ àti afín ti wá. Ẹni òòṣà ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn baba wa mọ ara tí ó wù wọ́n, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ohun tí ó wu ojú wọn di ìdájọ́ lórí ẹni tí Òòṣà mọ lọ́nà mìíràn.

Ifá náà ní ìtàn kan lórí èyí nínú Ògúndá Méjì, ẹ̀yin awo mọ̀ ọ́n. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń bọ̀ láyé, wọ́n sì ní láti yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wọlé, wọ́n mú èyí tí ó tóbi. Ọ̀kan kò jinná, ìkejì ti sán. Òjò bá wọn lọ́nà, ó rẹ orí náà títí ó fi jẹ tán. A máa ń fi ìtàn yìí ṣàlàyé orí inú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé títóbi ni ó tan àwọn ọmọ akọni méjì yìí jẹ.

Ní ti ìgbà tiwa, Ìbàdàn rí ara eléré ìdárayá gidi ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger, ọmọ Ìgbò, bá Gene Fullmer ti Amẹ́ríkà kan ẹ̀ṣẹ́ fún àmì ẹ̀yẹ àgbáyé ní pápá Liberty. Ìpele keje parí, Fullmer kò lè tẹ̀síwájú mọ́. Tiger kò ga, kò sì ju kílò 73 lọ. Ara òṣìṣẹ́ ni ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i lójú pópó lè rò pé ẹrù ni ó ń gbé lọ́jà.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, owó epo rọ̀jò, ojú wa sì yí padà. Agbádá nílò ara tí yóò gbé e, ikùn sì di ìwé ẹ̀rí. “O ti sanra o!” di ìkíni tí ń mú inú ẹni dùn. Nígbà tí ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí Sáàpù dé ní 1986, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí tín-ín-rín nínú kọ́là, rírù sì di ìtìjú. Àrùn éèdì wá mú un le sí i: ẹni tí ó bá rù, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ní àárín gbogbo èyí, Fẹlá ń fi ara tín-ín-rín àti pátá lásán kọrin, kò sì fi àpá tí àwọn sójà dá sí i lára pamọ́. Ẹ̀ṣọ́ ayé òde òní ni mo kà á sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi.

Àwọn ọdún yẹn ni fíìmù Schwarzenegger wọ àdúgbò. Àwọn ọmọkùnrin po sìmẹ́ńtì sínú agolo mílíìkì méjì, wọ́n fi páìpù so ó pọ̀, wọ́n sì ń gbé e lẹ́yìnkùlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ọkùnrin tí ó gbé ẹrù láìgbé e lọ síbì kankan. Mo rẹ́rìn-ín. Lónìí, jíìmù wà ní gbogbo òpópónà, mi ò sì rẹ́rìn-ín mọ́, torí pé àwọn tí ń jókòó ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́ ní láti wá ibi tí oògùn òógùn wà.

Ẹni tí gbogbo wọn fẹ́ jọ ni Anthony Joshua, ọmọ wa tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2019, ní New York, Andy Ruiz tí ikùn rẹ̀ ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí Joshua fẹ́ gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ padà ní oṣù Kejìlá, ó dín ara rẹ̀ kù ni, ó sì borí.

Ohun tí ó mú mi kọ èyí ni àwọn tí ń wá sí ojú ọpọ́n mi. Ọkùnrin kan wá tí èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Àìrọ́mọbí ni ẹkún rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti mu àgbo títí. Ifá ní kí á bi òun alára léèrè. Ó jẹ́wọ́ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń gún abẹ́rẹ́ tí ń mú iṣan wú, irú èyí tí àwọn dókítà ń kìlọ̀ pé ó ń dí àtọ̀ ọkùnrin lọ́wọ́. Mo rú ẹbọ fún un, mo sì rán an lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ tèmi náà ń wá, ẹ̀jẹ̀ wọn ru, ìtọ̀ ṣúgà ń bá wọn jà, wọn kò sì fẹ́ kí ikùn lọ, nítorí pé iyì ni ikùn nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Ọmọ ní àṣà wa ni òun ń tẹ̀ lé, baba náà ní àṣà wa ni. Ti ọmọ kò tíì pé 50 ọdún láàárín wa. Ti baba, owó epo ni ó bí i.

Ọmọ awo mi kan ń lọ sí jíìmù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo gbà á láàyè, bí ó bá ti lè pọnmi kí ó tó lọ. Lóṣù tó kọjá, ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sín gbẹ́rẹ́ sí òun ní apá, kí ó má ba ara òun jẹ́ lójú àwọn tí ń wò ó. Mo rò ó títí. Mo ní kí ó lọ fá orí wá, ibẹ̀ ni wọ́n ti sín ti Kakaǹfò.