Bàbá Sàlá àti Fíìmù Ọ̀run Móoru

Ẹni tí ó bá tún jókòó ti fíìmù Ọ̀run Móoru lónìí, ohun tí yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ẹ̀rín inú rẹ̀ kò tíì ṣá. Ọdún 1982 ni fíìmù náà jáde. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ni ó ni ín, òun náà sì ni ó kó ipa Làmídì tí ìtàn náà dá lé lórí.

Orí ìtàgé ni ẹ̀rín náà ti ṣẹ̀. Olórin ni Ọláìyá kí ó tó di aláwàdà; nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Federal Rhythm Dandies, ni Sunny Adé ti ta gìtá nígbà èwe. Nígbà tí ó yà sí eré ṣíṣe, ó bá àwọn àgbà bí Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀ níbẹ̀. Àwàdà kò ṣàì sí nínú eré tiwọn, ṣùgbọ́n Ọláìyá fi í ṣe odindi eré. Ó sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà, tẹlifísàn Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959, sì gbé e wọ ilé onílé. Ta ni kò mọ ìmúra rẹ̀: awò ojú ràbàtà, táì fífẹ̀ tí ó dà bí labalábá, aago ńlá tí ó so mọ́ra? (Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀làjú ti rí lójú ẹni tí kò rí i jẹ, kí ó wo aago yẹn dáadáa.)

Nínú fíìmù yìí, Làmídì ti lówó rí. Gbájúẹ̀ kan tí ó ṣèlérí ọrọ̀ òjijì fún un ni ó sọ ọ́ di òtòṣì. Nígbà tí ìyà náà pọ̀ jù, ó yàn láti kú; ó dé ọ̀dọ̀ Ikú, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹni tí ayé lé, tí ọ̀run kò gbà: ọ̀rọ̀ ẹkún ni èyí ìbá jẹ́ lọ́wọ́ òṣèré mìíràn. Ohun tí ó sọ ọ́ di ẹ̀rín ni pé Làmídì kò mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín. Tọkàntọkàn ni ó fi ń ráhùn. Orúkọ fíìmù náà gan-an, ẹ̀fẹ̀ ni: ibi tí olùpọ́njú gbójú lé fún ìsinmi, ibẹ̀ náà kò tutù.

Àwọn tí ó wò ó nígbà náà mọ ohun tí ó ń bá wí. Owó epo rọ̀bì ti ń fà sẹ́yìn. Oṣù kẹrin ọdún 1982 yẹn gan-an ni ìjọba Shagari ṣe òfin ìṣọ́wóná láti fi tún ọrọ̀ ajé ṣe. Ìfẹ́ owó òjijì kì í ṣe ti Làmídì nìkan.

Ní ìgbà náà, bí alárìnjò ti ń ru ẹrù rẹ̀ ni onífíìmù ń gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Owó ẹnu ọ̀nà ni yóò fi san gbèsè tí ó jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fídíò ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn. Àwọn olè da Ọ̀run Móoru kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kí olówó rẹ̀ tó rí owó rẹ̀ kó jọ. Gbèsè sì wọ Ọláìyá lọ́rùn. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 1970 kò le tó láti dẹ́rù ba irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. 1988 ni ìjọba tó ṣe òmíràn. Ohun tí gbájúẹ̀ fi ojú Làmídì rí nínú eré ni àwọn wọ̀nyí fi ojú ẹni tí ó ṣe eré rí, kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ọláìyá kò tìtorí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ṣe Ààrẹ Àgbáyé ní 1983, ó sì tún ṣe Moṣebọ́látán. Nígbà tí ó yá, tí fíìmù gidi wọ́n kọjá agbára àwọn òṣèré, inú kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí ó ba òwò rẹ̀ jẹ́ ni gbogbo wọn sá sí. Níbẹ̀ ni Bàbá Sùwé àti Mr Latin ti gbilẹ̀, tàwọn ti ọ̀gbọ́n àgọ̀ àti ìmúra tí kò bá ara mu. Ẹni tí ó bá ti wo Làmídì tẹ́lẹ̀ kò ní ṣàì rí i lára wọn. Ọláìyá kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní ẹni ọdún 82. Emmanuel ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Boisala, ń bá iṣẹ́ àwàdà náà lọ.