Dídi oúnjẹ sínú ewé

Dídi oúnjẹ sínú ewé jẹ́ àṣà àtijọ́ láàárín àwọn Yorùbá, nínú èyí tí a ti ń lo ewé tútù láti fi se oúnjẹ, láti fi gbé e lọ sí ọjà àti láti fi tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì Ọ̀fadà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n a máa ń di obì, irú àti ọṣẹ dúdú sínú ewé pẹ̀lú. Láti ìparí ọ̀rúndún 20 ni ọ̀rá àti ike ti ń gba ipò ewé lọ́jà, ìyípadà yìí sì ti di ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ tó ń jẹyọ nígbà tí a bá ń sọ nípa ìgbé ayé tí kò ba àyíká jẹ́.

Àwọn ewé tí a ń lò

Ewé eéran ni ó gbajúmọ̀ jù. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni Thaumatococcus daniellii. Abẹ́ igi ńlá, níbi tí oòrùn kò ti pọ̀, ni ó ti máa ń hù, ìdí nìyí tí a fi ń rí i nínú igbó àti nínú oko kòkó. Láti inú ilẹ̀ ni ọ̀pá rẹ̀ ti ń yọ, ewé kan sì ni ó máa ń wà lórí ọ̀pá kan. Ewé náà fẹ̀, ó sì ṣeé ká láìfàya. Ẹni tó fẹ́ pọ́n mọ́ínmọ́ín yóò fọ ewé náà, yóò gé ọ̀pá rẹ̀ kúrò, yóò ká a bí àrọ, yóò da ẹ̀wà lílọ̀ sí i, yóò sì ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọ̀pá tí a gé kì í ṣòfò: ìsàlẹ̀ ìkòkò ni a ń tò wọ́n sí kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Inú èso ọ̀gbìn yìí kan náà ni a ti ń rí thaumatin, èròjà tó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 2,000 sí 3,000, àmọ́ ewé rẹ̀ ni ọjà wa mọ̀ jù. A tún máa ń lo ewé gbòdògí àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àṣà yìí fara hàn nínú òwe. Ìdì ọṣẹ ni òwe "ewé pẹ́ lára ọṣẹ, ó dọṣẹ" ti wá. Nínú "ká jẹ ẹ̀kọ, ká dárí ji ewé", tí a fi ń pàrọwà fún ẹni tí a ṣẹ̀, ewé tí a fẹ́ sọ nù ni.

Láti ewé sí ọ̀rá

Lẹ́yìn oúnjẹ, ààtàn ni ewé ń lọ, tàbí ẹ̀yìnkùlé, tàbí ẹ̀bá ọ̀nà pàápàá. Ewúrẹ́ a jẹ díẹ̀, èyí tó kù a jẹrà. Kò pọn dandan kí àwọn àgbà ọjọ́un ní èrò kankan nípa àyíká. Ohun tí wọ́n ń sọ nù kò lè pa ilẹ̀ lára. Nígbà tí ọ̀rá dé, ọwọ́ tó ń ju ewé sẹ́bàá ọ̀nà ni ó ń ju ọ̀rá síbẹ̀.

Ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn a máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà a sì wà nínú ilẹ̀ àti omi. Bí a bá sun ún, èéfín rẹ̀ léwu fún ẹni tó ń fà á símú. Omi inú ọ̀rá, ìyẹn píọ̀ wọ́tà, tó tàn kálẹ̀ ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1990, sọ ọ̀rá di ohun ojoojúmọ́. Ìwọ̀n 50cl ni ó sábà máa ń jẹ́. A ń mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, òjò a sì gbá ọ̀rá rẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Kí píọ̀ wọ́tà tó dé ni Ìbàdàn ti mọ ohun tí odò dídí lè fà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ̀mí tó lé ní 200 sì bá a lọ. Pàǹtírí inú odò àti àwọn ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí omi náà ya wọ ìgboro.

Ìwà àwọn ènìyàn lóde òní

Ìdí tí àwọn olóúnjẹ fi ń yan ọ̀rá kò ṣòro láti lóye. Ọ̀rá kò nílò fífọ̀, kì í sì í jò. Ewé ní tirẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, igbó tí a ti ń já a ń dínkù, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn sí ìlú ńlá. Ẹni tó bá ń bú ẹlẹ́kọ nítorí ọ̀rá yẹ kó kọ́kọ́ béèrè iye tí ìdì ewé kan jẹ́ lọ́jà. Àwọn mìíràn ti rí ọ̀nà àárín: wọ́n ń se mọ́ínmọ́ín nínú agolo tàbí abọ́ tí a lè fọ̀ tún lò, wọ́n ń gbé abọ́ láti ilé lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ, wọ́n sì ń mú àpò tiwọn lọ sọ́jà. Àṣà mímú ìgò lọ ra epo pupa kò tíì parẹ́.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù ní oṣù Kínní, ọdún 2024. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 2025, òfin náà gbòòrò dé orí àwọn ike àlòsọnù mìíràn bíi ife, ṣíbí àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Abọ́ ike líle ni àwọn olóúnjẹ kan fi rọ́pò fóòmù, kì í ṣe ewé.

Ní ilẹ̀ mìíràn

Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a fi ń di acaçá, tó jẹ́ irú ẹ̀kọ kan, àti abará, tó jọ mọ́ínmọ́ín. Ní Gánà, ewé eéran kan náà ni a fi ń di waakye, oúnjẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà.