Ìwé Àdéhùn Pọ̀, Ìjà Ò Tán: Ìtàn Ìlàjà Fatah àti Hamas

Bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà, bóyá ẹ ń se oúnjẹ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ gbọ́ ìbéèrè mi. Ọmọ Palẹ́sítínì tí wọ́n bí sí Gásà ní ọdún 1989, ìgbà mélòó lẹ rò pé ó ti dìbò yan ààrẹ tàbí aṣòfin? Kò dìbò bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù kìíní ọdún 2005 ni wọ́n dìbò ààrẹ kẹ́yìn, oṣù kìíní ọdún 2006 ni wọ́n dìbò ilé aṣòfin kẹ́yìn, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 18 nígbà náà. Ní báyìí, ó ti lé ní ọmọ ọdún 35.

Lára ohun tó fà á ni ìjà láàárín ẹgbẹ́ òṣèlú méjì, Fatah àti Hamas. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún ètò yìí ni pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ o. Wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé ìlàjà ní Mẹ́kà, ní Sanaa, ní Cairo, ní Doha, ní Gásà fúnra rẹ̀, ní Algiers, àti ní Beijing. Kí ló wá dé tí kò sí ọ̀kan tó dúró nínú wọn?

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀

Fatah ló dàgbà jù. Yasser Arafat àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, òun ló sì ń darí PLO, àjọ tí àgbáyé gbà pé ó ń ṣojú àwọn ará Palẹ́sítínì. Hamas dé ní oṣù kejìlá ọdún 1987, nígbà tí àwọn ará Palẹ́sítínì dìde lòdì sí Ísírẹ́lì tó gba ilẹ̀ wọn. Sheikh Ahmed Yassin wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló sì jẹ́ ìpìlẹ̀ òṣèlú wọn.

Ní ọdún 1993, Arafat bá Ísírẹ́lì ṣe àdéhùn Oslo. PLO gbà pé Ísírẹ́lì ní ẹ̀tọ́ láti wà, wọ́n sì dá Ìjọba Aláṣẹ Palẹ́sítínì sílẹ̀ láti máa ṣàkóso apá kan nínú Gásà àti West Bank, ìyẹn ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Odò Jọ́dánì. Hamas lóun ò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò ní ọdún 1996, kò kópa.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ó yí èrò padà. Arafat ti kú ní ọdún 2004, Mahmoud Abbas ti Fatah ti di ààrẹ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2006, Hamas gba ìjókòó 74 nínú 132 nílé aṣòfin, Fatah gba 45. Ismail Haniyeh ti Hamas di olórí ìjọba, Abbas sì wà lórí àga ààrẹ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pé méjì láàfin.

Amẹ́ríkà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Rọ́ṣíà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí Hamas gba Ísírẹ́lì ní orílẹ̀-èdè, kó jáwọ́ nínú ìwà ipá, kó sì gba àwọn àdéhùn tó ti wà nílẹ̀. Hamas kọ̀. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù dá owó ìrànlọ́wọ́ tó ń lọ sọ́wọ́ ìjọba náà dúró, Ísírẹ́lì náà di owó orí tó ń bá wọn gbà mú. Bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe há nìyẹn.

Ní oṣù kejì ọdún 2007, Ọba Abdullah ti Saudi Arébíà pe ẹgbẹ́ méjèèjì sí Mẹ́kà. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì dá ìjọba àjùmọ̀ṣe sílẹ̀ ní oṣù kẹta. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà, ìbọn ti ń dún ní ìgboro Gásà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Hamas ṣẹ́gun àwọn ẹ̀ṣọ́ Fatah níbẹ̀, Abbas sì yọ Haniyeh nípò. Bí Gásà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Hamas nìyẹn, tí Abbas sì ń bá ìjọba tiẹ̀ lọ ní West Bank lábẹ́ ojú àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì.

Ìbéèrè mẹ́ta tí wọ́n ń gbé fún kọmití

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú gbogbo ìwé àdéhùn wọ̀nyí. Ohun tó rọrùn ni wọ́n máa ń fọwọ́ sí: a ó dìbò, a ó dá ìjọba kan sílẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ohun tó le, wọ́n á ní kí kọmití lọ jókòó lé e lórí. Ohun tó le náà kò ju mẹ́ta lọ: owó oṣù, ìbọn, àti PLO.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó oṣù. Lẹ́yìn ìjà ọdún 2007, ìjọba Abbas ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Gásà jókòó sílé, òun á máa san owó wọn lọ. Hamas wá gba òṣìṣẹ́ tuntun sí ipò wọn, wọ́n sì tó bíi 40,000 nígbà tó yá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n tún tọwọ́ bọ àdéhùn kan ní àgọ́ Shati ní Gásà. Ìjọba tuntun lábẹ́ Rami Hamdallah búra wọlé ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí owó oṣù wọlé fún àwọn òṣìṣẹ́ ti Abbas. Àwọn tí Hamas gbà sísẹ́ ò rí kọ́bọ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ATM, wọ́n sì ti báǹkì pa fún ọjọ́ mélòó kan ní Gásà. Ẹ wò ó, ìjọba ìṣọ̀kan tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan!

Ìbọn ló kàn. Abbas ní ìjọba kan kì í ní ọmọ ogun méjì, kí Hamas kó ìbọn sílẹ̀. Hamas ní Fatah kó ìbọn sílẹ̀ nígbà Oslo, síbẹ̀ àwọn ará Ísírẹ́lì ń kọ́lé sí West Bank lójoojúmọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, wọ́n ṣe àdéhùn míì ní Cairo, Hamas sì fa ẹnubodè Gásà lé ìjọba Hamdallah lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò yanjú ọ̀rọ̀ ìbọn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2018, bọ́ǹbù dún lẹ́bàá ọ̀wọ́ ọkọ̀ Hamdallah ní Gásà. Òun kò fara pa. Fatah ní Hamas ló lẹ́jọ́ rẹ̀, Hamas ní ọwọ́ òun mọ́. Bí àdéhùn yẹn náà ṣe wọlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni PLO. Hamas kò sí nínú rẹ̀. Bó bá gba inú ìbò wọlé, Fatah lè pàdánù àjọ tó ti ń darí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 2021, Abbas kéde pé wọ́n máa dìbò ilé aṣòfin ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún. Ó lé ní ìdá 90 nínú 100 àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò tó forúkọ sílẹ̀, àkójọ olùdíje 36 ló jáde. Nígbà tí oṣù kẹrin ń parí lọ, Abbas sún ìdìbò náà síwájú, ó ní Ísírẹ́lì kò tíì gbà kí wọ́n dìbò ní Ìlà-Oòrùn Jerúsálẹ́mù. Ìdí yẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n Fatah ti pín sí mẹ́ta nínú àkójọ náà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ẹ̀rù ìfìdírẹmi wà níbẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ọwọ́ òde ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì àdéhùn Shati, Ísírẹ́lì dá ìjíròrò àlàáfíà tó ń bá Abbas ṣe dúró. Ísírẹ́lì náà ló wà láàárín Gásà àti West Bank, èèyàn ò lè lọ láti ibì kan sí ìkejì láìgba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ tiwọn

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2011, àwọn ọ̀dọ́ tó pe ara wọn jọ lórí Facebook tú jáde ní Gásà àti Ramallah. Wọn ò pariwo Fatah, wọn ò pariwo Hamas. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ìpínyà yìí dópin. Ní Gásà, àwọn ẹ̀ṣọ́ Hamas fi igi tú wọn ká. Síbẹ̀, kò pé oṣù méjì tí àwọn àgbà fi lọ tọwọ́ bọ̀wé ní Cairo, wọ́n ní ìdìbò á wáyé láàárín ọdún kan. Ọdún náà kọjá, ìdìbò ò wáyé.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2023, Hamas kọ lu Ísírẹ́lì, wọ́n pa èèyàn bíi 1,200, wọ́n sì kó bíi 250 lọ. Ísírẹ́lì gbógun lọ sí Gásà, ogun náà sì ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn níbẹ̀. Nígbà tí ogun ń jà lọ́wọ́, ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2024, ẹgbẹ́ 14 tọwọ́ bọ ìwé ìṣọ̀kan ní Beijing. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n pa Haniyeh ní Tehran. Ìjọba ìṣọ̀kan tí ìwé náà ṣèlérí kò jáde.

Èrò tèmi nìyí: ìpínyà yìí ti di oúnjẹ fún àwọn kan ní ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá ní ìlú kékeré lọ́wọ́ máa ń bẹ̀rù ìbò tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá tún rí i lórí fóònù yín pé wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́ nílùú kan, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ wá a nínú ìwé náà: ta ló máa sanwó oṣù, ta ni ìbọn máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ wo ni àwọn aráàlú máa dìbò?

Ẹ kọ èrò yín sísàlẹ̀, mo máa ń kà á.