Ẹwìrì Inú Ẹ́ńjìnì: Ìtàn Tọ́bò àti Ooru Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé àgbẹ̀dẹ rí, tí ó wo ọmọ iṣẹ́ bí ó ti ń fi ẹwìrì fínná, tí ẹ̀yín iná ń pọ́n tí irin sì ń rọ̀ bí ẹ̀kọ, kò ní ṣàì rí i pé ohun méjì ni kì í jìnnà sí ọwọ́ ọ̀gá alágbẹ̀dẹ: ẹwìrì ni èkíní, ìkòkò omi ni èkejì. Ẹwìrì ni í sọ iná kékeré di iná ńlá. Omi ni í bá irin sọ̀rọ̀ tí ìbínú rẹ̀ fi ń rọlẹ̀, tí ọkọ́ fi ń di ọkọ́, tí àdá fi ń di àdá. Àwọn ọmọ Ògún Lákáayé ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé ẹni tí ó ní ẹwìrì tí kò ní omi, ilé ara rẹ̀ ni yóò fi jóná. Ìtàn tí mo fẹ́ pa lónìí jẹ́ ti àwọn òyìnbó onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n rí ẹwìrì kí wọ́n tó rí omi, tí ó sì gbà wọ́n tó ọgọ́rin ọdún kí wọ́n tó mú kí àwọn méjèèjì jọ gbé ní ìrẹ́pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ẹ́ńjìnì mọ́tò ń mí bí ènìyàn ti ń mí. Yóò fa afẹ́fẹ́ símú, yóò pò ó mọ́ epo, yóò dáná sun ún, yóò sì tú èéfín rẹ̀ síta láti ẹnu sàláńsà. Bí afẹ́fẹ́ tí ó fà bá ti pọ̀ tó ni epo tí ó lè jó ṣe ń pọ̀ tó, bí epo tí ó jó bá sì ti pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ ń tó. Alfred Büchi, ẹni tí a bí ní ìlú Winterthur ní ilẹ̀ Switzerland ní ọdún 1879, ni ó tẹjú mọ́ èéfín yìí tí ó rí i pé òfò ńlá ni à ń ṣe, nítorí ohun tí ń jáde pẹ̀lú ooru àti ipá tó bẹ́ẹ̀ ṣì ní iṣẹ́ nínú. Ní ọdún 1905 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì: ọ̀pá irin kan ṣoṣo tí ó ní fáànù ní orí méjèèjì, tí èéfín ń yí ti apá kan, tí ti apá kejì ń tipa bẹ́ẹ̀ yí, tí ó sì ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnì lẹ́nu. Ẹwìrì tí iná fúnra rẹ̀ ń fín ni Büchi rí yìí, òun náà ni à ń pè ní tọ́bò títí di òní. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀: ogún ọdún ni ọkùnrin yìí fi wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà, ó di 1925 kí ó tó fi tọ́bò bù kún agbára ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ohun tí ó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ogun àgbáyé kìíní ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ojú ọ̀run. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ti rí i pé bí ọkọ̀ bá ti ń gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i, tí ẹ́ńjìnì sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tí ń pọ́n òkè. Ní ọdún 1918, Sanford Moss, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú kan tí a ń pè ní Liberty lọ sí orí òkè Pikes Peak ní ìpínlẹ̀ Colorado, òkè tí ó ga ju 14,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ẹ́ńjìnì tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 350 nísàlẹ̀ di ti ẹṣin 230 lókè; nígbà tí Moss so tọ́bò mọ́ ọn, ó di 356. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì fi dé, tọ́bò ti wọ inú àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun bí B-17 àti P-47. Kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ wo ibi tí wọ́n gbé e sí: nínú B-17, abẹ́ ẹ́ńjìnì ni ó wà, tí ó kọjú sí afẹ́fẹ́ tútù tí ń ré kọjá, nínú P-47, ẹ̀yìn awakọ̀ lọ́hùn-ún, lọ́nà ìrù, ni wọ́n tì í sí, ó jìnnà réré sí ẹ́ńjìnì. Àwọn tí ó ṣe wọ́n mọ̀ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni òwe yìí ti di ohun tí ó ṣòro láti tẹ̀ lé. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì dà bí iyàrá kan tí agbo ilé ńlá há sí: bátìrì wà níbẹ̀, wáyà wà níbẹ̀, rọ́bà omi àti rọ́bà epo wà níbẹ̀, láàárín wọn ni a sì gbé ẹ̀rọ kan sí tí èéfín epo bẹntiróò tí ń gba inú rẹ̀ kọjá lè gbóná ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tí irin fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ọ̀pá inú rẹ̀ sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí atẹ́gùn ojú ọ̀run tí yóò fẹ́ sí i. Bí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ooru yóò jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú.

Ní ọdún 1962 ni General Motors ti Amẹ́ríkà bí ìbejì tí ìwà wọn kò jọra. Ọ̀kan ni Chevrolet Corvair Monza Spyder, èyí tí wọ́n dín bí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra kù, tí ó gba agbára ẹṣin 150 tí ó sì ní kí ó tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni Oldsmobile Jetfire, onísílíńdà mẹ́jọ, tí ó fẹ́ jẹ iṣu kí ó tún jẹ ewùrà: wọ́n fi tọ́bò sí i, wọn kò sì dín fífún afẹ́fẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ṣe tó ti ẹṣin 215. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún mọ́ra, gbígbóná ni í gbóná. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí, tí ó fi ọwọ́ kan ìdí pọ́ńpù náà, kò nílò ẹlẹ́rìí. Bí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ bá pàdé epo, iná yóò ràn kí àsìkò tó tó, a ó sì máa gbọ́ kó-kó-kó nínú ẹ́ńjìnì bí ẹni ń fi òòlù lu irin, títí tí písítìnì yóò fi fọ́. Láti ṣẹ́gun èyí, wọ́n fi ìgò kan sí inú Jetfire tí ń wọ́n omi àti ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù sí afẹ́fẹ́ náà kí ara rẹ̀ lè tù. Turbo-Rocket Fluid ni wọ́n pe omi náà.

Wọ́n ti rí omi wàyí, ọwọ́ awakọ̀ ni wọ́n sì fi í sí. Awakọ̀ tí kò gbàgbé àtira epo ń gbàgbé àtibu omi sínú ìgò. Ìgò a gbẹ, ọkọ̀ a dín agbára ara rẹ̀ kù, olówó ọkọ̀ a sì máa ké pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dá ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á, wọ́n sì ní kí ó bá àwọn yọ tọ́bò, kí ó fi kàbúrétọ̀ lásán dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1963 kò sí Jetfire mọ́; gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò pé 10,000. Ó dùn mí púpọ̀ nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí ọgbọ́n tí ó wà nínú ọkọ̀ náà kò kéré. Ìtọ́jú ni kò rí.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó tún okùn náà fà. Porsche fi 911 Turbo han aráyé ní Paris ní ọdún 1974. Nígbà tí ó yá tí wọ́n sọ ẹ́ńjìnì rẹ̀ di oní-lítà 3.3, wọ́n fi rédíétọ̀ tí ń tu afẹ́fẹ́ lára sí abẹ́ ìyẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní íńtákúlà. Ní Sweden, ní ọdún 1977, Saab gbé 99 Turbo jáde. Per Gillbrand, onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo tọ́bò kékeré tí ó tètè ń jí, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn kan sí i tí èéfín ń gbà sá jáde bí ipá rẹ̀ bá fẹ́ pọ̀ jù. Ní ọdún 1982 wọ́n fún ẹ́ńjìnì náà ní etí: ẹ̀rọ kékeré kan tí a dè mọ́ irin rẹ̀, tí ó ń gbọ́ kó-kó-kó náà kí awakọ̀ tó gbọ́ ọ, tí ó sì ń dín ipá tọ́bò kù lójú ẹsẹ̀. Ní 1984 ni íńtákúlà tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀ ọ̀tá kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì burú jù, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni ó ń jà. Orí ọ́ìlì ni ọ̀pá tọ́bò léfòó sí. Ọ́ìlì yìí ni ó ń mú un yọ̀, òun náà ni ó sì ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Bí awakọ̀ tí ó ti sá eré burúkú bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn bá dé ilé tí ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ́ìlì yóò dẹ́kun ṣíṣàn nígbà tí ilé tọ́bò ṣì ń pọ́n. Ooru yóò rọ́ wọ àárín, ọ́ìlì tí ó dúró síbẹ̀ yóò sì gan, yóò di èédú dúdú bí ọbẹ̀ tí ó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, ojú ọ̀nà ọ́ìlì yóò dí, irin yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin, èéfín aláwọ̀ aró yóò sì máa jáde lẹ́nu sàláńsà. Ìwòsàn àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: kí awakọ̀ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó tó pa á. Ní Japan, àwọn ènìyàn ṣe aago kékeré tí ń mú ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ní àwọn ọdún 1980 ni ìwòsàn tòótọ́ wá tàn kálẹ̀: wọ́n la ojú omi rédíétọ̀ gba àárín ilé tọ́bò. Bí a bá pa ẹ́ńjìnì, omi gbígbóná yóò gòkè fúnra rẹ̀, èyí tí ó tutù yóò sọ̀ kalẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tì í. Ọjọ́ náà ni ìkòkò omi dé ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì.

Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà ti dàgbà báyìí, ooru tí ara wọn ń gbà nígbà èwe kò ṣe é gbà mọ́: rọ́bà ti gan, ara wáyà ń rún bí ewé gbígbẹ, páànù tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi ya tọ́bò sọ́tọ̀ ti dípẹtà, tàbí kí mẹkáníìkì kan ti yọ ọ́ sọnù nítorí pé ó ń dún gbanragbanran. Àwọn mìíràn a máa fi aṣọ tí a hun láti ara òwú gíláàsì di páìpù èéfín. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó ń há ooru mọ́ irin, ó sì ń fa omi mu, irin tí ó ti gbó sì lè tipa rẹ̀ dípẹtà tàbí kí ó sán. Páànù ni kí a kọ́kọ́ dá padà sí ààyè rẹ̀. Kí a fọ rédíétọ̀, kí a wo fáànù, kí a nu páìpù ọ́ìlì tọ́bò, kí a má sì jẹ́ kí ọ́ìlì máa kán sórí irin gbígbóná, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iná mọ́tò ti ń ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó lóde òní ni ó ní tọ́bò. Àṣà yíyọ tẹmositáàtì, èyí tí ń ṣọ́ ìwọ̀n ooru ẹ́ńjìnì, jù nù nítorí pé ilẹ̀ wa gbóná kò ṣe wá lóore kan. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó ìwọ̀n tí ó yẹ ń jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń tètè bàjẹ́. Omi kànga kò sì lè ṣe iṣẹ́ kúláǹtì. Ìpẹtà rẹ̀ ni yóò dí ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi ọgọ́rin ọdún wá.

Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè pẹ́ láìsí ẹ̀rọ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja. Ìwọ tí o ní ọkọ̀ onítọ́bò, bí o bá ti ọ̀nà jíjìn dé, má ṣe sáré yí kọ́kọ́rọ́. Jókòó, kí ará ilé láti ojú fèrèsé, fún un ní ìṣẹ́jú méjì, kí o tó pa á.